Oúnjẹ títà ní ìgboro Ìbàdàn àtijọ́: láti Ìdí Arère dé Bẹẹrẹ

Oúnjẹ títà ní ìgboro Ìbàdàn àtijọ́ ni oúnjẹ sísè tí àwọn obìnrin ń tà ní bùkà, ní ìsọ̀ ẹ̀bá ọ̀nà àti lórí àtẹ, láti Bódè gba Ìdí Arère lọ sí Ọjà'ba, títí dé Mápó, Bẹẹrẹ àti Bẹ́yẹrúnkà. Àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú ló gbajúmọ̀ jù lọ nínú wọn, ṣùgbọ́n ó ní ojúgbà. Àlejò tó bá fẹ́ jẹun dáadáa ní àdúgbò yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ àsìkò, nítorí oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ní wákàtí tirẹ̀, ọjà ló sì ń darí wákàtí náà.

Àdúgbò náà

Ìdí Arère wà lójú ọ̀nà tó ti Mólété àti Bódè wọ àárín ìlú. Láyé ogun, ẹnu ibodè odi ìlú ni Bódè. Lónìí, ọjà ewé, egbò àti èròjà oògùn ìbílẹ̀ ló sọ ọ́ di olókìkí. Ọjà'ba, tí wọ́n ń pè ní Ọjà Ìbà nígbà kan nítorí Baṣọ̀run Olúyọ̀lé, olórí Ìbàdàn tí wọ́n ń pè ní Ìbà, wà níwájú, Mọ́sáláṣí àpapọ̀ ìlú sì wà níbẹ̀. Lórí òkè tó ga lé ọjà náà lórí ni Gbọ̀ngàn Mápó wà, èyí tí wọ́n ṣí ní 1929. Láti ibẹ̀, ọ̀nà já sí Bẹẹrẹ.

Agboolé ṣù mọ́ra níhìn-ín, òwò sì pọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ti jí lọ sí ìsọ̀ láti ìdájí kò ráyè dáná nílé, bẹ́ẹ̀ ni awakọ̀ takisí Micra, alábàárù, télọ̀ àti mẹkáníìkì. Àwọn wọ̀nyí ni oníbàárà àkọ́kọ́ fún olóúnjẹ, àlejò kàn ń bá wọn jẹ níbẹ̀ ni.

Ìtàn

Oúnjẹ wà nínú ìtàn Ìbàdàn láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Àwọn àgbà sọ pé nígbà tí ogun tú ìlú tí Lágelú kọ́kọ́ tẹ̀ dó ká, òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ sá lọ sórí òkè. Èso òro àti ìgbín ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀, ìkarahun ìgbín sì ni wọ́n fi ń mu ẹ̀kọ. Oríkì ìlú ṣì ń dárúkọ àwọn oúnjẹ náà títí dòní. Ọdún Òkè'Bàdàn, tó máa ń bọ́ sí oṣù kẹta, wà ní ìrántí òkè tó gbà wọ́n. Nínú àṣà àtijọ́, wọn kì í dáná lọ́jọ́ náà.

Ìlú tí a mọ̀ lónìí bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibùdó àwọn ọmọ ogun ní nǹkan bí 1829. Oko tó yí ìlú ká àti ọjà inú rẹ̀ ló ń bọ́ àwọn jagunjagun. David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀, àwọn míṣọ́nnárì tó gbé ní Kúdẹ̀tì láti 1853, rí bí ọjà náà ti ṣe pàtàkì tó. Nígbà tí ogun Ìbàdàn àti Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ọ̀nà etíkun dí, owó wọn kò sì dé mọ́. Ẹrù ilé ni wọ́n ń tà kí wọ́n tó rí oúnjẹ rà, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé ìrántí Anna tó jáde ní 1872.

Ní ayé òde òní, òṣèlú náà mọ agbára ìkòkò. Ilé Alhaji Lamidi Adédibú (1927–2008) ní Mólété di ibi tí, nígbà ayé rẹ̀, ogunlọ́gọ̀ èèyàn ti ń jẹ àmàlà lójoojúmọ́, débi pé àwọn oníròyìn ń pe irú ìṣèlú rẹ̀ ní ìṣèlú àmàlà.

Oúnjẹ òwúrọ̀

Kí oòrùn tó mú ni àsìkò àkàrà, ògì gbígbóná, mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀wà sísè. Àkàrà dára jù lójú agbada, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde nínú epo. Àwọn kan ń fi mu ògì, àwọn mìíràn ń fi sáàárín búrẹ́dì. Mọ́ínmọ́ín tí a fi ewé eéran pọ́n ní òórùn tí ti inú ọ̀rá kò lè ní. Ẹni tó bá rí i kó má kọjá rẹ̀. Bí ọjà bá ti kún tán, ọ̀pọ̀ aláàkàrà yóò ti palẹ̀ mọ́.

Oúnjẹ ọ̀sán

Yorùbá ní iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Ní Ìbàdàn, ọkà, ìyẹn àmàlà, ló gba ọ̀sán. Iṣu ni wọ́n fi ń ṣe èlùbọ́ rẹ̀: wọ́n á bẹ ẹ́, wọ́n á bọ̀ ọ́ lómi gbígbóná láìjẹ́ kó jinná, wọ́n á fi í sínú omi náà di ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó sá a sóòrùn kó gbẹ, kí wọ́n sì lọ̀ ọ́. Èròjà kan nínú iṣu tó máa ń yí padà bí atẹ́gùn bá kàn án ló ń mú un dúdú, kì í ṣe ìdọ̀tí. Láti Òkè Ògùn, ní Ṣakí, Ìgbòho àti Kíṣì, ni ọ̀pọ̀ èlùbọ́ tó dára ti ń wá. Láfún, tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe, funfun ní tirẹ̀.

Ibi ríro ọkà ni a ti ń mọ olóúnjẹ tó mọṣẹ́. Omi gbọ́dọ̀ hó dáadáa kí èlùbọ́ tó wọ ibẹ̀. Orógùn kò gbọ́dọ̀ dẹ̀ títí kókó yóò fi tán. Lẹ́yìn náà ni olóúnjẹ yóò bu omi sí i, yóò dé e kó tún hó, yóò sì tún un rò. Ọkà tó jinná rọ̀, ó ń dán, kì í sì í lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́.

Gbẹ̀gìrì náà ní sùúrù tirẹ̀. Wọ́n á bó èèpo ẹ̀wà, wọ́n á sè é títí yóò fi rọ̀ jọ̀jọ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, kí epo, ata àti irú tó wọ inú rẹ̀. Ewédú ń fẹ́ ìjábẹ̀ àti káún díẹ̀, ṣùgbọ́n káún tó bá pọ̀ jù ń ba adùn rẹ̀ jẹ́. Méjèèjì pẹ̀lú ọbẹ̀ ata nínú àwo kan ni àbùlà. Ẹran tó ń bá a rìn ni ògúnfe, ṣàkì, ẹ̀dọ̀, fùkù, ìfun, àbọ̀dí, pọ̀nmọ́ àti bọ̀kọ̀tọ̀.

Láàárín aago méjìlá sí aago méjì ló dára jù láti lọ. Ẹni tó bá pẹ́ dé lè bá ọkà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kó má bá ògúnfe mọ́. Ní ọjọ́ Jímọ̀, èrò tó ń jáde láti mọ́sáláṣí Ọjà'ba ń mú kí bùkà tètè kún. Ó yẹ kí àlejò ṣáájú wọn dé.

Oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ àti alẹ́

Nígbà tí oòrùn bá rọlẹ̀, iná tún ràn lẹ́bàá ọ̀nà. Dùndú, dòdò, ọ̀jọ̀jọ̀ àti àkàrà àṣálẹ́ ni wọ́n ń dín, wọ́n ń sun bọ̀ọ̀lì, ẹlẹ́kọ sì ń kiri ẹ̀kọ tútù tí èèyàn lè fi jẹ ẹ̀fọ́. Nínú oṣù Ramadan, ọjà ọ̀sán a dín kù, ti ìrọ̀lẹ́ a wá pọ̀ sí i nítorí ìṣínu. Àlejò tí kì í gbààwẹ̀ gbọ́dọ̀ fi èyí sọ́kàn kí ebi má baà pa á lójú ọ̀nà.

Yíyan ibi ìjẹun àti ìwà ọmọlúwàbí

Ọ̀pọ̀ ìsọ̀ tó dára jù kò ní pátákó. Àmì wọn ni pé àwọn ará ọjà fúnra wọn ń jẹ níbẹ̀, ọbẹ̀ ń hó lórí iná, wọ́n dé ìkòkò, omi ìfọwọ́ sì mọ́. Ẹ kọ́kọ́ kí olóúnjẹ: “Ẹ kú ọjà o, Mà.” Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè iye tí ọkà àti ẹran jẹ́, nítorí ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ṣírò wọn. Ọwọ́ ọ̀tún la fi ń jẹun. Bí ẹni tó ń jẹ bá ní “Ẹ wá jẹun”, ìdáhùn tó yẹ ni “Á gba ibi ire o.”

Níbòmíràn, àti ọjọ́ iwájú

Òkìkí àbùlà ti kọjá ìgboro àtijọ́. Ní Bódìjà, ilé oúnjẹ Amala Skye ń gba èrò láti ìlú gbogbo, ó sì ti sọ ọkà di ohun tí àlejò ń tìtorí rẹ̀ wọ Ìbàdàn. Ní òkè òkun, wọ́n ti bu ọlá fún irú iṣẹ́ yìí: ìlú Sìngàpọ̀ kó àwọn olóúnjẹ ẹ̀bá ọ̀nà sábẹ́ òrùlé tó ní omi ẹ̀rọ láàárín 1971 sí 1986. Ní 2020, UNESCO kọ àṣà wọn mọ́ ogún ìran ènìyàn. Oúnjẹ ìrẹsì àti ẹja ti Sẹ̀nẹ̀gà, tí wọ́n ń pè ní ceebu jën, wọ ìwé kan náà ní 2021.

Iṣẹ́ àwọn obìnrin Ìdí Arère àti Ọjà'ba kò kéré sí tiwọn. Ọ̀dọ̀ ìyá tàbí ọ̀gá ni wọ́n ti kọ́ ọ, pẹ̀lú ojú àti ọwọ́, láìsí ìwé. Ohun tí wọ́n nílò ni omi tó mọ́, ọ̀nà ìdominù tó ń ṣàn, òrùlé tí kò jò, àti pé kí a kọ ọgbọ́n wọn sílẹ̀ nígbà tí àwọn àgbà inú wọn ṣì wà láàyè. Ìjọba ìbílẹ̀ lè ṣe mẹ́ta àkọ́kọ́. Ilé ẹ̀kọ́ gíga tó pọ̀ ní Ìbàdàn lè ṣe ìkẹrin láti ọ̀la lọ.