Abéèrè Kì Í Ṣìnà: Òwe Kan àti Àwọn Géèmù Onítàn Àtijọ́

“Abéèrè kì í ṣìnà, ẹni tí kò béèrè ló ń pọ́n ara rẹ̀ lójú.” Apá kìíní òwe yìí ń fi arìnrìn-àjò lọ́kàn balẹ̀, apá kejì ń bá ẹni tí ìgbéraga dí lẹ́nu wí. Ẹnì kan ṣì kù tí òwe náà kò dárúkọ, òun ni ẹni tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Òwe gbà láìsọ pé ará ọ̀nà yóò dáhùn, pé kò ní fi àlejò ṣẹ̀sín, kò sì ní dárí rẹ̀ sínú igbó. Bí ẹni yẹn bá kùnà, abéèrè pàápàá yóò ṣìnà. Irú géèmù kan wà tí a kò lè lóye dáadáa láìfi ojú òwe yìí wò ó: géèmù ìrìn-àjò onítàn, tí àwọn tó ń gbá a ń pè ní RPG. Èyí tó lọ́jọ́ lórí jù nínú wọn dàgbà ju púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá wọn kiri lónìí lọ, ní àdúgbò Batterie IV ní Libreville ní Gàbọ̀n, ní Èkó àti ní Kùtọnu.

Nínú RPG, ẹni tó ń gbá a máa ń gbé ìwà ẹ̀dá kan inú ìtàn wọ̀. Yóò kó ẹgbẹ́ jọ, yóò ti ìlú dé ìlú, yóò bá ẹranko abàmì jà, agbára rẹ̀ yóò sì máa ga sí i bí ìrírí rẹ̀ ṣe ń pọ̀. Ẹni tó ti ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí D. O. Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938, ti mọ ètò yìí tẹ́lẹ̀. Àwọn ọdẹ tí ọba rán lọ sí Òkè Láńgbòdó kò ní ẹ̀bùn kan náà: Kàkó ní kùmọ̀, Ọlọ́hùn-iyọ̀ ní orin, Ìmọ̀dòye ní ọgbọ́n. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń to ẹgbẹ́ nínú RPG, jagunjagun, oníṣègùn àti onídán, kí àìlera ẹnì kan má bàa pa gbogbo wọn.

Orí tábìlì ni eré náà ti bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, nígbà tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde ní 1974. Àwọn ènìyàn á jókòó, ẹnì kan á máa darí ìtàn, àwọn yòókù á sọ ohun tí ẹ̀dá wọn fẹ́ ṣe, dáìsì á sì pinnu bóyá ó bọ́ sí i. Ní 1981, Ultima àti Wizardry mú irú eré yìí gbajúmọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Yuji Horii, ọmọ Jàpáànù, rí méjèèjì, ó sì wá bí yóò ṣe rọrùn fún ọmọdé tó ní ẹ̀rọ géèmù Famicom nílé. Dragon Quest ni èso ìsapá rẹ̀, ní oṣù Karùn-ún 1986. Final Fantasy ti Hironobu Sakaguchi jáde ní oṣù Kejìlá 1987.

Ìbéèrè ni ẹ̀mí àwọn géèmù àtijọ́ wọ̀nyí. Kò sí àmì kankan lójú ẹ̀rọ tó ń tọ́ka sí ibi tó kàn. Ẹni tó bá wọ ìlú kan nínú Dragon Quest, tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, yóò jáde bó ṣe wọlé. Ohun kan wà nínú géèmù náà tí akọni gbọ́dọ̀ rí kó tó lè dé ọ̀dọ̀ ọ̀tá ńlá. Àbàtà ni ó wà, kò sì sí nǹkan tó fi ibẹ̀ hàn yàtọ̀ sí ilẹ̀ yòókù. Ẹnì kan ní ìlú tó jìnnà ló mọ̀ ọ́n: láti ààfin ọba, kí ènìyàn rin ìwọ̀n 70 sí gúúsù àti 40 sí ìlà-oòrùn. Ẹ̀bùn tí ọmọbìnrin ọba ń fún ẹni tó gbà á là ló sì ń sọ bí ènìyàn ṣe jìnnà sí ààfin tó. Ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, tí kò gba ẹ̀bùn náà, á máa ka ìṣísẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

The Tower of Druaga, tí Masanobu Endo ṣe fún ilé-iṣẹ́ Namco ní 1984, le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé ìṣọ́ alájà 60 ni. Àwọn àpótí ìṣúra fara pamọ́ sínú àjà rẹ̀, géèmù náà kò sì sọ ohun tí ènìyàn yóò ṣe kí àpótí tó yọjú. Bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò rí àwọn kan nínú wọn kò lè parí rẹ̀. Ilé ìgbágéèmù ni wọ́n ti ń gbá a, owó ẹyọ ni wọ́n sì ń fi sí i nígbàkúùgbà tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tí àpò rẹ̀ lè dá gbé e. Ohun tí àwọn ará Jàpáànù ṣe ni pé wọ́n fi ìwé àjákọ sílẹ̀ níbẹ̀, ẹni tó bá rí àṣírí àjà kan á kọ ọ́ síbẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó bá ń sọ pé bíbéèrè jẹ́ ojóóró kò mọ ìtàn géèmù wọ̀nyí. Àwọn tó ṣe wọ́n mọ̀ pé a ó béèrè.

Ìdáhùn ló gba ọgbọ́n jù. Nínú àlọ́ àpamọ̀, ẹni tó pa àlọ́ kì í já a kí ọmọdé tó gbìyànjú, kì í sì í fi ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ilé-iṣẹ́ Infocom ní Amẹ́ríkà, tí géèmù tirẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ kíkà lásán, gbé irú ọgbọ́n yìí kalẹ̀ lọ́nà tó dára gan-an ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Wọ́n ta ìwé kékeré kan tí wọ́n fi yíǹkì tí kò hàn tẹ ìdáhùn rẹ̀. Kálámù àkànṣe ló ń mú un yọjú, ní ìpele-ìpele, láti orí ìtanilólobó díẹ̀ dé orí ìdáhùn kíkún. Láti 1995 ni ìkànnì GameFAQs ti ń gba ìwé ìtọ́sọ́nà tí àwọn agbágéèmù fúnra wọn kọ, púpọ̀ nínú wọn láìgba kọ́bọ̀.

Àwùjọ agbágéèmù tó gba àlejò dáadáa máa ń bi í lákọ̀ọ́kọ́ pé ibo ni ó dé nínú géèmù, kí wọ́n tó sọ ohunkóhun. Ikú kan wà nínú Final Fantasy VII tí àwọn tó gbá a ní 1997 kò tíì gbàgbé; ẹni tó bá sọ orúkọ olóògbé náà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ti jí nǹkan rẹ̀ lọ. Àwùjọ bẹ́ẹ̀ sì mọ̀ pé ìdajì ìmọ̀ géèmù àtijọ́ wà nínú ìwé tó bá a wá nínú páálí. Ẹni tó gbà á lónìí láìsí ìwé yẹn lè dà bí òpè, bẹ́ẹ̀ ìwé ni kò rí kà.

Batterie IV wà létí òkun ní ìhà àríwá Libreville. Ó pẹ́ tí àwọn Yorùbá láti Nàìjíríà, Orílẹ̀-èdè Benin àti Tógò ti ń ṣòwò ní ìlú yẹn, èdè Faransé sì ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ wọn nílé ìwé. Èdè yìí gan-an ló pa ọ̀nà RPG mọ́ wọn, nítorí ọjà Yúróòpù ni géèmù elédè Faransé ti ń wá. Kò sí ọ̀kan nínú Final Fantasy mẹ́fà àkọ́kọ́ tó dé ọjà Yúróòpù ní àsìkò tirẹ̀; ìkeje ló kọ́kọ́ débẹ̀, ní 1997. Dragon Quest olónọ́ńbà tó kọ́kọ́ dé Yúróòpù ni ìkẹjọ, ní 2006, ogún ọdún lẹ́yìn èkíní. Ohun tí àwọn tó ń sọ Faransé ti mọ̀ tipẹ́ ni ọwọ́ Akira Toriyama, tó ya àwòrán Dragon Quest, nítorí pé Dragon Ball rẹ̀ ti wà lórí tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Faransé láti 1988. Wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun SAT-3 dé Libreville ní 2002, ACE tẹ̀lé e ní 2012, ọ̀nà sì là. Agogo Gàbọ̀n àti ti Nàìjíríà tún dọ́gba: ìbéèrè tí wọ́n bi ní Libreville lálẹ́, ẹni tó wà ní Ìbàdàn kò tíì sùn.

Inú-rere àwọn olólùfẹ́ géèmù kọjá ìdáhùn ẹnu. Final Fantasy V jáde ní Jàpáànù ní 1992, kò sì sí ti èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn agbágéèmù tó pe ara wọn ní RPGe ló túmọ̀ rẹ̀, tí wọ́n sì parí rẹ̀ kí ilé-iṣẹ́ tó ni ín tó gbé tirẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1999. Mother 3 jáde ní 2006. Ìtumọ̀ tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ṣe jáde lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2008, ilé-iṣẹ́ tó ni ín kò sì tíì tà á lédè Gẹ̀ẹ́sì títí dòní. Ìtumọ̀ nìkan ni wọ́n pín, wọn kò pín géèmù.

Láti inú gbígbá ni ṣíṣe ti wá, ní ẹ̀gbẹ́ Gàbọ̀n gan-an. Ní 2003, Madiba Olivier bẹ̀rẹ̀ RPG tirẹ̀ ní Kamẹrúùnù pẹ̀lú RPG Maker, irinṣẹ́ tó jẹ́ kí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà lè ṣe géèmù. Ní 2013 ó dá Kiro’o Games sílẹ̀ ní Yaoundé. Ní 2015 wọ́n tọrọ 40,000 Yúrò lọ́wọ́ gbogbo ayé lórí Kickstarter, ohun tí wọ́n rí sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Kẹrin 2016 ni Aurion: Legacy of the Kori-Odan jáde, ìtàn ọba àti ayaba ìlú Zama tí wọ́n gba ìtẹ́ lọ́wọ́ wọn ní ọjọ́ ìgbéyàwó wọn. Agbára tí akọni náà ń lò, láti ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá rẹ̀ ló ti ń wá. Iṣẹ́ tó yẹ kí gbogbo ọmọ Áfíríkà tó fẹ́ràn RPG mọ̀ ni.

Ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kò níláti wá ẹ̀rọ àtijọ́. Chrono Trigger, tí Sakaguchi, Horii àti Toriyama pawọ́ pọ̀ ṣe ní 1995, wà lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà. Kò gùn jù, òun ló sì dára jù fún àkọ́bẹ̀rẹ̀. Final Fantasy mẹ́fà àkọ́kọ́ tún jáde lákọ̀tun láàárín 2021 àti 2022. Gbogbo wọn ní èdè Faransé báyìí, kò sì sí èyí tó ní Yorùbá. Kí àwọn ọmọ Yorùbá tó ti parí wọn, ní Libreville tàbí níbòmíràn, kọ ìwé ìtọ́sọ́nà lédè wa, kí wọ́n fi àmì ohùn sí i, kí wọ́n sì fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀.