Ìwádìí Èrò Olùdìbò ní Amẹ́ríkà: Láti Orí Káàdì Dé Orí Fóònù

Láti ọdún 1824 ni àwọn ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà ti ń bi ará ìlú léèrè ẹni tí wọ́n fẹ́ kó jẹ ààrẹ. Lọ́dún náà, ìwé ìròyìn kan ní Pennsylvania gbé e jáde pé ní Wilmington, ènìyàn 335 fẹ́ Andrew Jackson, 169 fẹ́ John Quincy Adams. Ìbò Jackson ló sì pọ̀ jù lóòótọ́, àmọ́ kò tó iye tí òfin ń béèrè, ni àwọn aṣòfin bá gbé ipò fún Adams.

Ìwé ìròyìn Literary Digest ló sọ irú ìwádìí yìí di ńlá. Láti 1916 dé 1932, ìbò ààrẹ márùn-ún ni ó sọ ẹni tí yóò wọlé, kò tàsé ẹyọ kan. Ní 1936, ó fi káàdì bíi mílíọ̀nù 10 ránṣẹ́. Èyí tó lé ní mílíọ̀nù 2 padà wá. Ó wá kéde pé Alf Landon yóò fẹ̀yìn Ààrẹ Franklin Roosevelt gbálẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, Roosevelt ti kó ìpínlẹ̀ 46 nínú 48. Maine àti Vermont nìkan ni Landon rí mú.

Inú ìwé tẹlifóònù àti ìwé ìforúkọsílẹ̀ mọ́tò ni wọ́n ti ṣa ọ̀pọ̀ orúkọ àwọn tí wọ́n fi káàdì ránṣẹ́ sí. Ọ̀dá owó ń jà nígbà náà, ẹni tó bá sì ní tẹlifóònù tàbí mọ́tò kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn aláìníṣẹ́ tí ètò Roosevelt ń ràn lọ́wọ́. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀: ẹni tí inú ń bí sí ìjọba ni ara rẹ̀ máa ń yá láti dá káàdì padà. Ní 1938, ìwé ìròyìn náà kógbá sílé.

Ní 1936 yẹn kan náà, nǹkan bí 50,000 ènìyàn péré ni olùwádìí èrò kan, George Gallup, fi ṣe ìwádìí tirẹ̀, ó sì sọ pé Roosevelt ni yóò wọlé. Ìbò tó sọ pé Roosevelt yóò ní fi ìdá mélòó kan nínú ọgọ́rùn-ún dín sí èyí tó ní gan-an. Àṣìṣe kékeré kọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò, nígbà tó ti mọ ẹni tó wọlé.

Ní 1948, Gallup àti àwọn olùwádìí mìíràn, Roper àti Crossley, panu pọ̀ pé Thomas Dewey ni yóò wọlé. Roper tilẹ̀ ti dáwọ́ ìbéèrè dúró láti oṣù kẹsàn-án. Chicago Daily Tribune tẹ ìròyìn pé Dewey borí, Harry Truman tó wọlé gan-an sì gbé ìwé náà sókè kí àwọn ayàwòrán yà á. Lẹ́yìn àṣìṣe yìí ni wọn ò jẹ́ kí abéèrè máa fúnra rẹ̀ yan ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀ mọ́.

Nínú ìbò ààrẹ ọdún 2016, ìwádìí fún gbogbo orílẹ̀-èdè kò jìnnà sí òótọ́. Ti Wisconsin, Michigan àti Pennsylvania ló já àwọn ènìyàn kulẹ̀, níbi tí àwọn tó kàwé ti pọ̀ jù nínú àwọn tó dáhùn. Títí di báyìí, rírí ẹni dáhùn ni ìṣòro: nígbà tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí Pew pe ènìyàn lórí fóònù ní 1997, ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún ló dáhùn, ní 2018, ìdá 6 péré ni. Ní 2020, àṣìṣe ìwádìí ju ti ọdún 2016 lọ, ṣùgbọ́n Joe Biden wọlé bí wọ́n ti sọ, ariwo rẹ̀ kò sì pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀.