Àlàyé: Ṣé dídáná sun ìrẹsì lè fi hàn pé oníke ni?

Irú fídíò yìí wọ́pọ̀ lórí WhatsApp àti Facebook: ẹnìkan á da ìrẹsì sínú iná, ìrẹsì á dúdú, ẹni náà á sì kéde pé oníke ni. Ṣé bẹ́ẹ̀ lóòótọ́?

Rárá. Iná nìkan kò lè fi èyí múlẹ̀.

Kí ni iná ń fi hàn?

Kábọ́ọ̀nù àti háídrójìn wà nínú ìrẹsì, wọ́n sì wà nínú ọ̀rá tí a fi ń di ọjà. Kábọ́ọ̀nù ló ń di èédú. Ìdí nìyí tí búrẹ́dì, ẹ̀wà àti ìrẹsì tó jóná nídìí ìkòkò fi máa ń dúdú.

Kí ni wọ́n ń ṣe ní yàrá àyẹ̀wò?

• Kábọ́ọ̀nù àti háídrójìn: wọ́n á po nǹkan náà mọ́ copper oxide, wọ́n á gbé e kaná. Tí afẹ́fẹ́ tó jáde bá sọ limewater di funfun bíi wàrà, kábọ́ọ̀nù wà níbẹ̀. Tí omi tó jáde bá sọ copper sulphate funfun di búlúù, háídrójìn wà níbẹ̀.

• Náítrójìn, imí-ọjọ́ àti klórínì: wọ́n á yọ́ ọ pọ̀ mọ́ sodium, wọ́n á sì fi omi rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọ̀ búlúù ni ti náítrójìn, dúdú ni ti imí-ọjọ́, funfun ni ti klórínì.

Àmọ́ èròjà nìkan ni àyẹ̀wò wọ̀nyí ń sọ, wọn kì í sọ orúkọ nǹkan náà. Ní Ṣáínà, àwọn kan po melamine mọ́ mílíìkì. Náítrójìn ni àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń díwọ̀n purotéènì ń kà, melamine sì kún fún náítrójìn, ni mílíìkì náà bá yege. Nígbà tí àṣírí tú lọ́dún 2008, ọmọ ọwọ́ mẹ́fà ti kú, nǹkan bíi 300,000 sì ṣàìsàn.

Nàìjíríà ńkọ́?

Ní Oṣù Kejìlá ọdún 2016, àwọn aṣọ́bodè gba àpò ìrẹsì 102 ní Èkó, wọ́n fura pé oníke ni. Àjọ NAFDAC yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kì í ṣe ike. Ṣùgbọ́n kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀ ti kọjá òdiwọ̀n, kò sì dára fún jíjẹ. Ẹni tó bá kàn dáná sun ún kò ní mọ ewu yìí rárá.

Kí ni kí ẹ ṣe?

Tí ìrẹsì bá mú yín fura, ẹ má sè é. Ẹ tọ́jú àpò àti rìsíìtì rẹ̀, kí ẹ fi tó ọ́fíìsì NAFDAC tó súnmọ́ yín létí. Ẹ má dáná sun ike nínú ilé, èéfín rẹ̀ léwu.

Àbájáde: Irọ́ ni pé ìrẹsì tó jóná tó dúdú ti di oníke. Kí ẹ tó fi irú fídíò bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ bèèrè: yàrá àyẹ̀wò wo ló yẹ̀ ẹ́ wò?