Ohun tí álúbọ́ọ̀mù ilé yín mọ̀ nípa Alimosho

Ètò ìkànìyàn 2006 fi hàn pé àwa ará Alimosho lé ní mílíọ̀nù kan. Àmọ́ báwo ni Ikotun, Egbeda àti Igando ṣe rí kí èrò tó kún ibẹ̀? Lójú tèmi, ẹ wá a sínú álúbọ́ọ̀mù ìdílé.

Ẹ má wo ojú èèyàn nìkan. Ẹ wo ẹ̀yìn wọn: títì tí kò tíì ní ọ̀dà, ilé tí wọn ò tíì rẹ́. Ẹ wo ẹni tó wọ aṣọ ẹbí. Ẹ yí fọ́tò padà, torí òǹtẹ̀ onífọ́tò lè sọ àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ṣùgbọ́n fọ́tò nìkan ò tó o. Stephen Sprague kọ ọ́ ní 1978 pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, onífọ́tò Yorùbá lè tẹ àwòrán èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, kó dà bíi pé àwọn méjèèjì jókòó pọ̀. Ta ló máa mọ̀, bí kì í bá ṣe ará ilé?

Torí náà, ẹ bi màmá àgbà léèrè báyìí. Ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ sẹ́yìn fọ́tò, kì í ṣe bírò. Tí wọ́n bá lọ, fọ́tò á kù, orúkọ á ti bá wọn lọ.