Orúkọ Igi Nínú Òwò Gẹdú

Ọ̀rọ̀ tí ó jẹ mọ́ igi gígé kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán. Ìtàn ni ó wà nínú rẹ̀: ìtàn ẹni tí ó mọ igbó, ẹni tí ó ń pàṣẹ lé e lórí, àti ẹni tí ó ń jẹ èrè rẹ̀.

Kí òwò gẹdú tó gbilẹ̀, iṣẹ́ tí a fẹ́ fi igi ṣe ni ó ń sọ irú igi tí a óò gé. Ọ̀mọ̀ ni àwọn agbẹ́gi ń wá fún ìlù. Ìrókò ni fún ilẹ̀kùn àti òpó, nítorí pé ikán kì í tètè rí i jẹ. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà pàápàá kò pa pọ̀. Àdá ni a fi ń ṣá igi. Àáké ni a fi ń gé e lulẹ̀, òun náà ni a sì fi ń là á. Ayùn ni a fi ń rẹ́ ẹ. Èyí tí ó wó lulẹ̀ di ìtì, èyí tí ó kù ní ìdúró di kùkùté, èyí tí a rẹ́ di pákó. Lágilági ni ẹni tí ń la igi ìdáná tà; onígẹdú yàtọ̀ sí i.

Ní ọdún 1899, ìjọba amúnisìn ya igbó Olókèmejì sọ́tọ̀, láàrin Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Igbó mìíràn tẹ̀lé e. Òfin sì dé pé àwọn igi kan wà tí àgbẹ̀ kò gbọdọ̀ gé láìgba ìwé àṣẹ, ìbáà jẹ́ inú oko bàbá rẹ̀ ni wọ́n wà. Báyìí ni “igbó ọba” di ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo ènìyàn.

Àwọn oníṣòwò òkèèrè ńkọ́? Ìrókò, ọ̀pẹ̀pẹ̀, àfàrà àti ìdígbó wọ inú ìwé òwò Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú orúkọ Yorùbá wọn. Àmì ohùn nìkan ni wọ́n sọ nù. Ọ̀gànwó kò rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ èbúté ni wọ́n fún un: mahogany Èkó. Arère gba orúkọ tí àwọn Ẹ̀dó ń pè é, obeche. Ní Gánà, wawa ni. Wọ́n tún sọ ìdígbó ní àfàrà dúdú, bí ẹni pé irú igi kan náà ni òun àti àfàrà. Ìbátan ni wọ́n. Orúkọ méjì tí àwọn àgbà fún wọn ni ó tọ̀nà.

Kí ni àǹfààní ìyàtọ̀ yìí? Arère fúyẹ́, kòkòrò sì tètè ń bà á jẹ́. Ìrókò kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń béèrè “pákó” lásán lè ri arère mọ́lẹ̀ níbi tí ó yẹ kí ìrókò dúró. Àgbẹ̀ tí ó sì ń pe gbogbo igi oko rẹ̀ ní gẹdú kò lè mọ èyí tí ó níye lórí jù nígbà tí oníṣòwò bá dé.

Àwọn àgbà ní igi tí ó tọ́ kì í pẹ́ nígbó. Àwọn agégẹdú mú òwe náà ṣẹ, títí ìjọba Nàìjíríà fi ka kíkó ìtì lọ sí òkèèrè léèwọ̀ ní ọdún 1976. Síbẹ̀, àáké kò sinmi, nítorí ọjà ilé kò tán. Ní àwọn igbó ọba kan, igi tíìkì àti gmelina láti ilẹ̀ Éṣíà ni a gbìn rọ́pò.

Igi tí a gé lè tún hù. Orúkọ tí ó bá ti ẹnu ọmọ bọ́ ṣòro láti gbìn. Nítorí náà, iṣẹ́ olùkọ́ ni láti kọ arère àti obeche sí ojú ìwé kan náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ̀ pé igi tí ó ń kà nínú ìwé ni ó dúró lẹ́yìn ilé wọn.