Okùn Tí Ó So Wá Mọ́ Arsenal

Ẹ̀yin olùwòran wa, kí ni ó so ọmọ Ìbàdàn tí kò dé Lọ́ńdọ̀nù rí mọ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Arsenal, tí ìpàdánù wọn fi ń gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀?

Ènìyàn kan ni ó kọ́kọ́ so okùn náà. Ní ọdún 1999, Nwankwo Kanu, ọmọ ilẹ̀ Nàìjíríà, wọ ẹgbẹ́ yìí. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, Chelsea ti fi góòlù 2 sí òdo ṣíwájú; Kanu nìkan gbá 3 wọlé láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 tí ó kẹ́yìn. Arsenal borí, inú wa sì dùn bí ẹni pé ilé wa ni ayọ̀ ti ṣẹlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 2004, Kanu kúrò níbẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ kò bá a lọ. Èé ṣe? Orí bẹ́ǹṣì ilé ìwòran àdúgbò, láàárín ọ̀rẹ́ àti ará, ni ìfẹ́ náà ti ta gbòǹgbò. Baba sì fi í lé ọmọ lọ́wọ́.

N kò bú ìfẹ́ yìí. Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni pé Shooting Stars ti Ìbàdàn ni ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, ní ọdún 1976. Akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ni ó mọ ohun tí Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí àti Múdà Lawal ṣe nígbà náà? Ẹ̀yin olùkọ́, bí a kò bá sọ ìtàn náà fún wọn, ta ni yóò sọ ọ́? Ilé ni àbọ̀ sinmi oko.