Bí WAEC ṣe ń máàkì ìdánwò àṣejáde girama

Inú ọ̀pọ̀ òbí máa ń dùn bí wọ́n bá rí D7 nínú èsì ìdánwò ọmọ wọn, wọn a ní ọmọ àwọn kò fẹ́ẹ̀lì. Lóòótọ́ ni kò fẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n D7 kì í ṣe kírẹ́díìtì.

WAEC, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1952, máa ń pín ìdánwò iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta. Ọbujẹ́ẹ̀tífù wà, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti yan ìdáhùn kan nínú mẹ́rin. Ẹ̀rọ ló ń máàkì rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń kọ àlàyé sí wà pẹ̀lú. Físíìsì àti irú rẹ̀ tún ní ìdánwò àfọwọ́ṣe.

Kí àwọn olùkọ́ tó máàkì àlàyé, wọn a kọ́kọ́ ṣèpàdé lórí ìwé ìlànà tó sọ iye máàkì tí kókó kọ̀ọ̀kan ní. Ọ̀gá wọn a sì tún díẹ̀ yẹ̀ wò nínú èyí tí wọ́n ti máàkì. Ìdí nìyí tí ẹni tó kọ kókó mẹ́ta tó yè kooro fi lè gba máàkì ju ẹni tó fi ewé mẹ́rin rojọ́ lọ.

A1 títí dé C6 ni kírẹ́díìtì, D7 àti E8 jẹ́ páàsì lásán, F9 ni fẹ́ẹ̀lì. Kírẹ́díìtì márùn-ún ni yunifásítì ń béèrè. Ẹ̀yin òbí, ẹ yẹ èsì náà wò dáadáa kí ẹ tó pa adìẹ.